Owó ṣọ́ọ̀bù kò pé: ṣé ọlọ́pàá lè torí ẹ̀ ti oníduró mọ́lé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Àbúrò mi obìnrin ti ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn láti ọdún kan ó lé. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá rẹ̀ ka ọjà, ó ní owó kò pé. Ó gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo owó oṣù rẹ̀, ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, ó kọ "olè" sábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọn ò bá a nílé, ni wọ́n bá mú ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó dúró fún un nígbà tó ń gbaṣẹ́. Wọ́n ní àfi ká san owó náà kí wọ́n tó fi bàbá sílẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ti bàbá ló kan jù báyìí. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, tó de gbogbo ọlọ́pàá ní Nàìjíríà, kà á léèwọ̀ láti mú ẹnìkan rọ́pò ẹni tí wọ́n ń wá. Abala 32 rẹ̀ tún sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn tìtorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ìwé oníduró tí bàbá fọwọ́ sí, àdéhùn ni. Bí ọ̀gá bá gbà pé ó yẹ kí oníduró san nǹkan, kóòtù ni kó pè é lọ. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá lọ́yà tó máa bá yín dé tẹ́ṣàn lónìí, kó bi DPO ní ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan bàbá gan-an. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, bí Ìbàdàn ṣe rí, abala 35 Ìwé Òfin 1999 fún wọn ní ọjọ́ kan péré láti gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù. Ọ̀fẹ́ sì ni béèlì. Bí ẹ ò bá lówó lọ́yà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ (₦70,000 láti ọdún 2024) ni wọ́n wà fún.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà lè ti bébà kan síwájú yín lórí káńtà: "Mo gbà láti san owó yìí títí di ọjọ́ báyìí." Ẹ má fọwọ́ sí i, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó. Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n máa nà síta lọ́la pé àbúrò yín ti jẹ́wọ́.

Kí òun náà má sá kiri. Ẹ̀sùn olè jíjà jẹ́ ti ọ̀daràn, ọlọ́pàá lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é. Kó mú lọ́yà dání, kó má sì dáhùn ìbéèrè kankan kí àwọn méjèèjì tó jọ sọ̀rọ̀. Pé owó kò pé kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di olè. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ta ni wọ́n tún jọ ń gbowó? Ṣé wọ́n ka ọjà fún un nígbà tó gbaṣẹ́? Kó kọ ìdáhùn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kó tó gbàgbé.

Ní ti owó oṣù, abala 5 Òfin Òṣìṣẹ́ kò fún ọ̀gá láyè láti gé e fúnra rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí kò kọbi ara sí iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn náà, gbogbo ohun tó bá gé lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ìyẹn National Industrial Court, ń jókòó n'Íbàdàn. Kí àbúrò yín tọ́jú àwọn àlẹ́ẹ̀tì owó oṣù tó ti gbà tẹ́lẹ̀.

Fọ́tò yẹn náà kò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí pé àbúrò yín lè pe ọ̀gá lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́, Òfin Ààbò Détà (ìyẹn ìsọfúnni nípa ara ẹni) ti ọdún 2023 wà nílẹ̀, àwọn Nigeria Data Protection Commission sì ń gba ẹ̀sùn. Tó bá jẹ́ orí status ló gbé e sí, wákàtí mẹ́rìnlélógún ló fi ń wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá àwọn tó rí i kàn kíákíá, kí ẹni tó bá ti ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù fi ránṣẹ́ sí yín, kí nọ́ńbà ọ̀gá àti aago tó gbé e sí hàn níbẹ̀.