Ṣé kí n fi gbogbo owó mi ṣẹ́ dọ́là?

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí ní Kubwa, l'Abuja. Mo ní 1,500,000 náírà ní báńkì. N ó san 600,000 owó ṣọ́ọ̀bù lóṣù mẹ́ta sí i. 500,000 wà fún owó iléèwé ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀. Àbúrò mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Zone 4, ní Wuse, kí n fi ṣẹ́ dọ́là kó tó di bébà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lọ, mà. Àbúrò yín ò ṣẹ̀rù lásán ṣá o. Owó tí Báńkì Àpapọ̀ ń yá ìjọba ti wọ nǹkan bí tírílíọ̀nù 22 náírà kí wọ́n tó sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́ lọ́dún 2023. Owó pọ̀ nígboro, ọjà ò pọ̀ tó o. Lóṣù kẹfà ọdún náà, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 náírà bọ́ lókùn. Kò pé ọdún kan tó fi kọjá 1,400.

Ṣùgbọ́n dọ́là náà ń já lulẹ̀. Ẹni tó rà á ní 1,800 lóṣù kejì 2024, nígbà tí gbogbo ayé ń sáré, bá a ní nǹkan bí 1,200 lóṣù kẹrin. Owó ṣọ́ọ̀bù yín ì bá ti di 400,000, lánlọ́ọ̀dù ò sì ní gbọ́ àlàyé. Ẹ fi 600,000 yẹn sí money market fund, ìyẹn àpò owó àjọní tí wọ́n fi ń yá ìjọba àti báńkì fúngbà díẹ̀ kó lè mú èlé wá, èyí tí SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò, fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń dá owó padà.

Fún owó iléèwé, ẹ ní kí báńkì yín ta Treasury Bill ọlọ́jọ́ 364 fún yín, ìyẹn ìwé gbèsè onígbà kúkúrú tí ìjọba fi ń yá owó. Èlé rẹ̀ ni wọ́n ń yọ ṣáájú. Tó bá jẹ́ 16%, ẹ ó san nǹkan bí 420,000, ẹ ó gba 500,000 lọ́jọ́ tó bá pé. Èrè orí 420,000 yẹn ti ju 19% lọ nìyẹn, ká tó yọ owó orí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni 80,000 tó ṣẹ́ kù sí àkáǹtì: wọ́n á ná an tán, wọ́n á ní Treasury Bill ò lérè. Ẹ fi kún ti ṣọ́ọ̀bù. Savings Bond, ìwé gbèsè ìjọba tó máa ń pẹ́ díẹ̀, náà dáa, 5,000 lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé, àmọ́ ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni.

400,000 tó kù ni kẹ́ ẹ fi ṣẹ́ dọ́là, torí òkè òkun ni ẹ̀rọ ìránṣọ àti síìpù ti ń wá, iye dọ́là ni owó wọn ń tẹ̀ lé. Ẹ pín in sí oṣù mẹ́rin, 100,000 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gba dọ́là àtijọ́ tí àwòrán orí ara rẹ̀ kéré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, iye rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gé.