Èló ni yóò kù sọ́wọ́ mi bí mo bá ń ta àwòrán mi lára tíṣẹ́ẹ̀tì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Mo máa ń ya àwòrán bíi ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ lórí kọ̀ǹpútà, mo sì máa ń kọ òwe Yorùbá sí i. Wọ́n ní àwọn ìkànnì kan wà tí kì í tẹ ẹ̀wù àfi ìgbà tí oníbàárà bá ti rà á, tí n kò fi ní kó ọjà kankan pa mọ́. Èwo ni kí n lò, èló ni yóò sì kù fún mi?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ọ̀nà méjì ni òwò yìí pín sí. Èkíní ni ọjà àpapọ̀, bíi Redbubble tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Melbourne ní 2006: ẹ óò gbé àwòrán síbẹ̀, àwọn ni yóò gba owó, tí wọn yóò tẹ ẹ̀wù, tí wọn yóò fi ránṣẹ́, kí wọ́n tó fún yín ní ìpín yín, láti 2023 ni wọ́n sì ti ń yọ owó àkáǹtì lára èrè ọ̀pọ̀ ayàwòrán. Èkejì ni kí ẹ ṣí ìsọ̀ tiyín, ká sọ pé lórí Etsy, ìkànnì tí oníkálukú ti ń ṣí ìsọ̀ tirẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ ilé ìtẹ̀wé bíi Printful tàbí Printify. Èkejì ni èmi fara mọ́ fún ẹni tó ń ta òwe Yorùbá, nítorí pé àwọn tó máa kọ́kọ́ rà á ni àwọn tó ti mọ̀ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òde ìnáwó àti lórí WhatsApp. Ẹ̀yin lẹ máa wá wọn rí; kí ló dé tí ẹ óò fi kó wọn lọ fún ọjà ẹlòmíràn?

Ní ti owó, ká ní ilé ìtẹ̀wé gba £11 fún ẹ̀wù àti títẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú £4 fún ìfiránṣẹ́, tí ẹ sì tà á ní £22 láìtún gba owó ìfiránṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. £7 kọ́ ni èrè yín o. Etsy yóò mú 6.5% nínú £22, ìyẹn £1.43, yóò tún mú 4% àti 20p fún gbígba owó, ìyẹn £1.08, owó ìpàtẹ ọjà, $0.20, àti àwọn wẹ́wẹ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Bíi £4 ló kù. Bí ẹnìkan bá wá ní ẹ̀wù náà fún mọ́ òun lára jù, tí ẹ sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ẹ lè tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé ìtẹ̀wé kò ní san £15 ìyẹn fún yín, èrè ẹ̀wù mẹ́rin sì ti bá a lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ná yín dé £15.

Lẹ́tà ni ó máa ń ba irú iṣẹ́ yín jẹ́ jù. Ẹ wo òwe bíi “Ọ̀nà kan ò wọ ọjà”. Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, Ọ̀, kò ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ọ ni kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí ó tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì aláràbarà kò mọ ibi tó yẹ kí àmì náà bà lé, ẹ óò sì rí i tí ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó gun lẹ́tà lórí, tàbí tí àpótí òfìfo jókòó sí ipò rẹ̀. Gentium àti Noto Sans gbé àmì wa dáadáa, ìwé àṣẹ wọn sì gbà kí ẹ fi wọ́n ṣe iṣẹ́ títà. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ sọ àwọn lẹ́tà náà di àwòrán kí ẹ tó tọ́jú fáìlì, kí ẹ sì fi í sí PNG, irú fáìlì àwòrán kan, tí kò ní àwọ̀ lẹ́yìn. Píksẹ́lì 4500 ní fífẹ̀ àti 5400 ní gíga tí Amazon ń béèrè fún tíṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìwọ̀n tó dára.

Àwọ̀ aró tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà máa ń ṣú tí a bá tẹ̀ ẹ́, lára ẹ̀wù dúdú ó lè má fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Ẹ̀rọ máa ń tẹ́ funfun sábẹ́ àwòrán lára aṣọ dúdú, ibi tí àwọ̀ bá ti fẹ́lẹ́ yóò sì hàn bí èfun tí wọ́n wọ́n sí i. Ẹ ra sáńpù kan fúnra yín, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ tó pàtẹ.

Òwe kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni bátánì àdìrẹ àtijọ́ bíi Ìbàdàndùn pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò Fẹlá ní ẹni tó yà á, báàjì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà sì ní olówó rẹ̀. Ìkànnì lè tìtorí irú rẹ̀ ti ìsọ̀ yín pa.

Ní ti owó-orí, £1,000 àkọ́kọ́ tó wọlé láti inú òwò láàárín ọdún owó-orí kan ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ǹda pé kí ẹ má san owó-orí lé lórí. Iye tí ẹ tà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe èrè. Ní £22, ẹ̀wù 46 ti gbé yín kọjá ààlà náà.