Nígbà tí Linux bá kọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé àfi root

Ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tí ẹ sọ yìí, pé ẹ gba ssh (ọ̀nà àtiwọ ẹ̀rọ láti òkèèrè) wọ sáfà yín, pásíwọ́ọ̀dù tọ̀nà, síbẹ̀ ó ń lé yín pẹ̀lú "System is booting up. Unprivileged users are not permitted to log in yet", ó ti fìyà jẹ mí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọ̀rọ̀ náà kò kan pásíwọ́ọ̀dù rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pa díìsìkì rẹ́ torí rẹ̀.

pam_nologin, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Linux, ló ń lé yín. Bí kọ̀ǹpútà bá ń dìde, systemd, ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ inú Linux, máa ń ṣẹ̀dá fáìlì kan, /run/nologin. Níwọ̀n ìgbà tí fáìlì yẹn bá ṣì wà, root (alákòóso àgbà ẹ̀rọ) nìkan ló láṣẹ àtiwọlé. systemd-user-sessions.service ló máa ń yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá há, òun náà há nìyẹn. Ìdí tí ojú ẹ̀rọ gan-an kò fi béèrè orúkọ yín nìyẹn: getty, ètò tó ń béèrè orúkọ lójú ẹ̀rọ, náà ń dúró dè é.

Mo kọ́kọ́ wọlé bíi root, mo tẹ rm /run/nologin láti pa fáìlì náà rẹ́. Ó fà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wọlé. Àmọ́ inú mẹ́mọ́rì ni /run wà. Gbogbo ìgbà tí a bá tún ẹ̀rọ tàn ni fáìlì náà ń padà dé. Ìtura lásán ni, kì í ṣe ìwòsàn.

Ohun tó là mí lójú ni systemctl list-jobs, àṣẹ tó ń fi àwọn iṣẹ́ tí systemd kò tíì parí hàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì há. Ní tèmi, ìlà tó tò wálẹ̀ ń sọ waiting, waiting, waiting, systemd-user-sessions.service wà láàárín wọn, ẹyọ kan péré ló ń sọ running. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ẹyọ yẹn. Iṣẹ́ kékeré kan ni, tó ń dúró de sáfà mìíràn kó tó so fódà rẹ̀ mọ́ tiwa. Sáfà yẹn ti kú. Mo sì ti kọ Before=remote-fs.target sínú rẹ̀, ìyẹn ni pé kó parí ṣáájú ìpele tí àwọn fódà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń so mọ́ ẹ̀rọ tán, bẹ́ẹ̀ systemd-user-sessions kì í ṣáájú remote-fs.target.

Ibi tó dùn mí jù rèé: mo rò pé systemd á dá a dúró lẹ́yìn 90 ìṣẹ́jú àáyá. Rárá o. Type=oneshot, irú iṣẹ́ tèmi yẹn tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan tó sì parí, kò ní gbèdéke àkókò kankan bí ẹ kò bá fún un. Mo tẹ systemctl show -p TimeoutStartUSec pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ náà, ó dá mi lóhùn pé infinity.

Mo yọ ìlà Before yẹn, mo fi TimeoutStartSec=60 sí i, mo tẹ systemctl daemon-reload, mo tún ẹ̀rọ tàn. Ó tán. Bó bá jẹ́ inú /etc/fstab, fáìlì tó to àwọn díìsìkì àti fódà tí ẹ̀rọ ń so mọ́ra, ni NFS yín (fódà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wà, nofail àti x-systemd.mount-timeout=30 ni kí ẹ fi kún un.

Bí ẹ kò bá ní ọ̀nà root rárá, ẹ tẹ lẹ́tà e nínú GRUB (ojú ìwé tó ń jáde kí Linux tó dìde), ẹ fi systemd.debug-shell=1 sí ìparí ìlà linux, ẹ tẹ Ctrl+X, lẹ́yìn náà Ctrl+Alt+F9. Ojú àṣẹ root ló máa ṣí níbẹ̀. Kì í béèrè pásíwọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ tún un tàn.

Bí list-jobs kò bá mú nǹkan kan jáde, ẹ wo /etc/nologin. Ìyẹn kì í parẹ́ fúnra rẹ̀, kódà bí ẹ tún ẹ̀rọ tàn nígbà ọgọ́rùn-ún.