Ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́: kí ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 68, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n bí wọ́n bá jókòó. Tí wọ́n bá ti na ọwọ́ mú ife, á dáwọ́ dúró. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ ti kéré gan-an. Òògùn òòyì kan, cinnarizine, ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́, ó ti lé lọ́dún kan. Àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Òògùn òòyì yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ lọ sí. Ohun tó sì dùn mí ni pé láti oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti ń wá ẹni tó ṣe bàbá, ojoojúmọ́ ni bàbá ń gbé e mì.

Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tí à ń pè ní dopamine. Òun ló ń jẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ lọ geere nígbà tí a bá rán wọn níṣẹ́, kí wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí a kò bá rán wọn. Cinnarizine máa ń dí ẹnu ọ̀nà tí dopamine ń gbà ṣiṣẹ́, ó sì máa ń mú àgbàlagbà ju ọ̀dọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì, àti haloperidol àti chlorpromazine tí wọ́n ń fún alárùn ọpọlọ. Reserpine, tó wà nínú àwọn òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́ kan, ní tirẹ̀ máa ń tú dopamine dà nù níbi tí ara kó o pa mọ́ sí. Igi asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wo wèrè, ní reserpine yìí nínú. Bí bàbá bá ń mu àgbo, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi sè é.

Èyí tí òògùn bá fà sábà máa ń mú ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá dá òògùn náà dúró, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó lọ. Ti bàbá yín wà lápá kan, ìkọ̀wé wọn sì ń kéré: àpẹẹrẹ àrùn Parkinson nìyẹn, níbi tí àwọn ohun tó ń pèsè dopamine fúnra wọn ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde o. Òògùn lè ṣí aṣọ lójú àrùn tó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Kí bàbá jókòó, kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kí ara wọn rọ̀, kí wọ́n wá máa yọ 7 kúrò nínú 100: 93, 86, 79. Bí ọkàn bá ti wà níbi ìṣirò, gbígbọ̀n náà á fara hàn dáadáa. Ẹ wo àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá: ti Parkinson máa ń dà bí ẹni ń yí ìlẹ̀kẹ̀ láàárín wọn, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fi ìka méjèèjì yẹn kan ara wọn kíákíá, kí wọ́n là á gbòòrò, nígbà 15. Bí lílà náà bá ń kéré sí i, tó ń falẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ìfàlẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju gbígbọ̀n lọ, torí bí kò bá sí i, dókítà kì í pè é ní Parkinson. Ẹ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ ní fídíò.

Bí ọwọ́ bá dúró ní ìjókòó, àmọ́ tó ń gbọ̀n nígbà tí ṣíbí ń lọ sẹ́nu tàbí tí wọ́n ń da omi láti ife kan sí òmíràn, ìyẹn yàtọ̀. Ó sábà máa ń wà nínú ìdílé, ẹmu díẹ̀ a sì máa mú un rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ẹmu di òògùn. Propranolol ni a sábà ń kọ fún un, kì í ṣe fún ẹni tó ní ásímà. Bí ara bá ń rù, tí ọkàn ń lù kìkì, ó lè jẹ́ pé ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid), èyí tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi hàn.

Bí ó bá jẹ́ pé òjijì ni apá kan rọ, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọsibítù ní wéréwéré.

Bí dókítà bá kọ levodopa, òògùn Parkinson tí ọpọlọ máa ń sọ di dopamine, fún wọn, kí wọ́n máa lò ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, torí mọ́ínmọ́ín, ẹran àti ẹja máa ń bá a du ọ̀nà nínú ìfun. Wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Hóró wèrèpè náà ní levodopa, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹni tó bá lù ú mọ́ ti ọsibítù, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kó máa jó fúnra rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé bàbá lọ béèrè dókítà ọpọlọ (neurologist, kì í ṣe ti wèrè) ní ọsibítù ìkọ́ni tó wà ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì. Ẹ kó gbogbo òògùn wọn dání, títí kan ìgò àgbo. Kí ẹ kọ oṣù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí ẹ sì kọ oṣù tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.