Ṣé Ìparapọ̀ Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Ló Ń Dá Ọmọ Mi Dúró?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àkọ́bí mi ń wa bàálù ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti para pọ̀ mọ́ òmíràn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò lọ kọ́ bàálù mìíràn síwájú. A ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ níbí, a ti pín aṣọ ẹbí, kò sì lè sọ bóyá òun yóò wá. Àwọn ará ilé ń sọ pé bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni ó ń sọ fún mi?
Ìyá kan, Sábó, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àmúmọ́ra. Ohun tí ọmọ yín sọ bá bí iṣẹ́ náà ṣe rí mu, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé da ọkàn ara yín láàmú.

Láàrin àwọn awakọ̀ òfurufú, ọjọ́ tí ènìyàn wọṣẹ́ ló ń sọ irú bàálù tí yóò wà, ìlú tí yóò ti máa gbéra àti ìgbà tí yóò gba ìsinmi. Ẹni tó jí ní kùtùkùtù ló ń pọn omi tó tòrò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ méjì bá wá di ọ̀kan, ta ni àgbà? Nígbà tí United àti Continental, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú méjì ní Amẹ́ríkà, para pọ̀ ní ọdún 2010, ọdún 2013 ni ìwé orúkọ kan ṣoṣo tó to àwọn awakọ̀ wọn bí wọ́n ṣe jẹ́ àgbà síra tó jáde. Bí ẹnì kan bá sì ti bọ́ sórí bàálù ńlá, ẹlòmíràn ni yóò gba ipò rẹ̀, ẹlòmíràn yóò tún gba ti ẹni yẹn, gbogbo wọn ni yóò sì kọ́ṣẹ́ tuntun.

Inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní simulator ni wọ́n ti ń kọ́ ọ: yàrá kékeré kan tó dà bí iwájú bàálù, tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin, tó ń mì tó sì ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí olùkọ́ jókòó sẹ́yìn awakọ̀ méjì, tó sì ń pa ẹ́ńjìnnì kan mọ́ wọn lọ́wọ́ láti wo ohun tí wọn yóò ṣe. Ẹ̀rọ yìí wọ́n gógó, kò sì pọ̀, débi pé òru ni ó máa ń kan àwọn mìíràn. Àwọn awakọ̀ tó ti pẹ́ náà gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ fún ìdánwò láti ìgbà dé ìgbà, nítorí pé bí ọjọ́ tiwọn bá kọjá, wọn kò lè fò mọ́. Àwọn olùkọ́ gan-an, awakọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá kó wọn wá kọ́ni, bàálù yóò ṣaláìní awakọ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ tètè bá a sọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ìlànà Amẹ́ríkà fẹ́ kí ó fi bàálù tuntun náà fò fún wákàtí 100 láàrin ọjọ́ 120, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ ọn. Àkókò yẹn kì í rọrùn láti gba ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọjọ́ ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń to iṣẹ́ wọn báyìí, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí òun wá sílé ṣáájú ẹ̀kọ́ náà. Ẹ má sún ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ẹ sì gba ìwọ̀n ara rẹ̀ fún télọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí.