Ìpàdé mọ̀lẹ́bí ti sú mi, ṣé kóòtù ló kàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Lọ́yà. Ọkọ mi ti kó jáde nílé láti ọdún tó kọjá, apá Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé báyìí, àwọn ìbejì wa ti wọ JSS 1, èmi nìkan ni mò ń dá gbogbo ẹ̀ gbọ́. Mọ̀lẹ́bí ti pè wá jókòó tó ẹ̀ẹ̀mẹta, gbogbo ìgbà náà ló ń dọ̀bálẹ̀ fáwọn àgbà pé òun máa ṣe ojúṣe òun, tó bá ti dé títì, ó parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n gbé e lọ kóòtù, màmá mi ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Rẹ́jísìrì Ìkòyí la ti ṣègbéyàwó. Mi ò tíì ní kọ̀ ọ́ lọ́kàn o, owó iléèwé àwọn ọmọ ló ká mi lára. — Ìyá Ìbejì, Agége

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Nínú gbogbo ìpàdé yẹn, ṣé ẹnì kankan kọ nǹkan sílẹ̀? Ó jọ pé rárá. Èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ títí àyà ẹ̀ á fi bó, ìyẹn ò san owó táàmù. "Màá ṣe ojúṣe mi" kì í ṣe àdéhùn rárá, èló ni, ọjọ́ wo, àkáùntì wo, ìyẹn gan-an ni àdéhùn.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí wọ́n ti ń báàyàn parí aáwọ̀ láì dé kóòtù, ìjọba Èkó ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1999, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ ó ro ẹjọ́ yín, wọ́n á kọ lẹ́tà pe ọkọ yín, wọ́n á dá ọjọ́ fẹ́yin méjèèjì. Onílàjà tó máa jókòó sáàárín yín kì í ṣe adájọ́, kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kì í sì í ṣe àbúrò bàbá ọkọ yín tó ti mọ ẹni tóun máa gbè lẹ́yìn kó tó kúrò nílé (ẹ má bínú, mo ti rí irú wọn ju bó ṣe yẹ lọ). Ẹ mú bíìlì iléèwé dání, àti rìsíìtì gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti san. Ẹ má gbà kí wọ́n kọ "yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ" sínú ìwé o, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé owó iléèwé á máa wọ àkáùntì iléèwé tààrà kí táàmù tó wọlé, owó oúnjẹ iye báyìí lọ́jọ́ báyìí, òpin ọ̀sẹ̀ táwọn ọmọ máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀ àti ẹni tó máa lọ mú wọn.

Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé á tún yẹ̀ ẹ́, Lagos Multi-Door Courthouse, ibi ìlàjà tó so mọ́ High Court Èkó, náà wà láti 2002. Owó díẹ̀ máa wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí àdéhùn tí adájọ́ sì fọwọ́ tiẹ̀ náà sí i, ó ti di ìdájọ́ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ mọ́.

Ẹ bá mi sọ fún màmá pé a ò tíì gbé ẹnikẹ́ni lọ kóòtù. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lọ́la ṣá, High Court nìkan ló lè tú ìgbéyàwó rẹ́jísìrì ká, mọ̀lẹ́bí ò lè tú u, onílàjà náà ò lè tú u, kódà tẹ́ ẹ bá dá owó orí padà.

Ẹ ò sọ ọ́, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ bi yín: ṣé ó máa ń lù yín? Tó bá ń lù yín, ẹ má bá a jókòó ìlàjà kankan, ọ̀dọ̀ àwọn DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.