Irú bàtà wo ló dára jù láti fi sáré lọ́nà igbó àti orí òkè?

Ìsàlẹ̀ bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí ilẹ̀ bá gbẹ tó sì le, eyín ìsàlẹ̀ (àwọn ṣóńṣó rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú) tó ga tó mìlímítà 3 sí 4 ti tó. Ẹrẹ̀ ń fẹ́ 5 sókè, kí àwọn eyín náà sì jìnnà síra, kí ẹrẹ̀ má baà há sí i.

Ẹ wọ̀ ọ́ wò nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi sáré. Kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò ṣẹ́kù níwájú, kí gìgísẹ̀ má sì máa yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí: tí ìka bá ń forí gbá bàtà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èékánná á dúdú.

Bí ẹ ó bá máa la odò kọjá, èmi ò ní mú bàtà tí omi kì í wọ̀. Omi tó bá gba ọrùn rẹ̀ wọlé kì í tètè jáde.